ÌFÀ ÒWÚ LÁRA Ọ̀PÁ ÌPẸJA

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa

  

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè. Ọ̀rọ̀ òwú ni. Àwọn ọ̀dọ́ wa kan ti mú àbá wá síwájú ẹgbẹ́ pé kí a ra ẹ̀rọ oníná tí a fi ń wé òwú mọ́ ọ̀pá ìpẹja, kí wọn lè fi kọ́ṣẹ́, kí wọn sì lè máa ṣe ọ̀pá fún àwọn tí ń fi ìwọ̀ pẹja ní Èkó àti ní òkè òkun. Àwọn àgbà béèrè pé, kí ni ẹ̀rọ náà ń ṣe tí ọwọ́ kò lè ṣe? Àwọn ọ̀dọ́ náà béèrè pé, kí ni ọwọ́ mọ̀ tí ẹ̀rọ kò mọ̀? Nítorí pé iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe jẹun, ẹ ní kí n wá dá ìbéèrè méjèèjì lóhùn.

Ìdáhùn mi kò gùn. Ẹ̀rọ a máa yí ọ̀pá dáadáa, ṣùgbọ́n kò mọ bí ó ti yẹ kí òwú le tó. Ẹni tí kò bá mọ èyí tẹ́lẹ̀ kò ní í ti ara ẹ̀rọ kọ́ ọ. Kìkì pé yóò máa ba iṣẹ́ jẹ́ kíákíá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí òwú ti le tó nígbà tí a ń wé e ni mo pè ní ìfà òwú. Òun ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ yìí, òun sì ni mo fẹ́ fi ìyókù àkókò mi ṣàlàyé.

OHUN TÍ A TI MỌ̀ TẸ́LẸ̀

Ọ̀rọ̀ ìfà òwú kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì láàárín wa. Ẹni tí ó bá ti wo onídùndún lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ pé ọṣán tí ó yí ìlù ká ni ó ń fún mọ́ra tí ìlù fi ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá fún un, ohùn a lọ sókè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn a wálẹ̀. Awọ kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni. Fífà nìkan ni ó yí padà.

Àwọn aránṣọ wa náà mọ̀ ọ́n. Lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, àwo irin kékeré méjì wà tí òwú ń gba àárín wọn kọjá, sípíríǹgì sì ń tì wọ́n mọ́ ara wọn. Bí aránṣọ bá de nọ́ọ̀tì ibẹ̀ jù, ojú rírán a hunjọ, òwú a sì máa já. Bí ó bá tú u jù, òwú a máa lọ́ pọ̀ mọ́ abẹ́ aṣọ. Kò sí ìyá aránṣọ kan tí yóò fi aṣọ oníbàárà sí abẹ́ abẹ́rẹ́ kí ó tó fi àkísà dán an wò.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn apẹja. Ẹni tí ó bá fi òwú di irin ọ̀kọ̀ mọ́ igi rẹ̀, tàbí tí ó so ìwọ̀ mọ́ okùn, mọ̀ pé ìdè tí ó dẹ̀ lè jọ ìdè gidi ní èbúté. Ẹja ńlá àkọ́kọ́ ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Àwọn baba wa sì ti sọ ọ́ tán pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Mo rò pé ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí ti fi òwú di nǹkan rí.

Ọ̀PÁ NÁÀ ÀTI ÒWÚ RẸ̀

Ní agbègbè wa, láti ilẹ̀ Ìkálẹ̀ títí dé Igbókọ̀dá àti etíkun Ìlàjẹ, àwọ̀n, ìgèrè àti okùn tí a so ìwọ̀ púpọ̀ mọ́ ni àwọn apẹja ń lò jù. Bí ọmọdé bá fẹ́ fi ọ̀pá pa àrọ̀ tàbí ẹpìyà létí odò, yóò gé ọparun tẹ́ẹ́rẹ́, yóò so okùn mọ́ orí rẹ̀, ó parí.

Ọ̀pá tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń wí yàtọ̀ sí èyí. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà nídìí rẹ̀ tí a ká okùn sí, okùn náà a sì gba inú òrùka kọ̀ọ̀kan kọjá láti ìdí títí dé orí. Àwọn òrùka yìí ni ó ń pín ìwúwo ẹja káàkiri ara ọ̀pá, kí ọ̀pá lè tẹ̀ bí ọrun láìdá. A kò lè fi ìṣó kan òrùka mọ́ ọ̀pá, nítorí ojú ihò ìṣó ni ọ̀pá yóò ti dá. A kò sì lè fi àtè nìkan lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, nítorí ọ̀pá ń tẹ̀, irin òrùka kì í sì í tẹ̀ bákan náà pẹ̀lú rẹ̀. Òwú ni a fi ń dì í. A ó wé òwú yí ẹsẹ̀ òrùka ká, yíyí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì láìsí àlàfo, lẹ́yìn náà a ó fi àtè olómi kùn ún, tí yóò gbẹ tí yóò sì le bí gíláàsì.

Ní àtijọ́, ọparun ni àwọn Òyìnbó náà fi ń ṣe ọ̀pá, òwú sílíkì ni wọ́n sì fi ń wé e. Ní ọdún 1935, Wallace Carothers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe náílọ́ọ̀nù ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó yá, òwú náílọ́ọ̀nù gba ipò sílíkì lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọ̀pá. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì tí ó parí ní 1945, ọ̀pá tí a fi okùn gíláàsì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lé ọparun kúrò lọ́jà. Láti nǹkan bí ọdún 1973 ni ọ̀pá oníkábọ̀n náà ti ń jáde. Òun ni ó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn apẹja oníwọ̀ lónìí, nítorí pé ó fúyẹ́, ó sì yára tẹ̀ padà.

Ìyípadà méjì nínú ìwọ̀nyí ni ó sọ ìfà òwú di ọ̀rọ̀ ńlá. Èkíní ni pé náílọ́ọ̀nù a máa nà. Bí a bá fà á gan-an kí a tó wé e, ó ń fẹ́ padà sí bí ó ti wà, nítorí náà kì í sinmi. Yóò máa fún ọ̀pá mọ́ra lọ́sàn-án àti lóru. Èkejì ni pé ọ̀pá oníkábọ̀n ṣófo nínú, ara rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Ó lágbára púpọ̀ bí a bá tẹ gbogbo ara rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ohun líle kan gún un ní ojú kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí òrùka 8 bá wà lára ọ̀pá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ẹsẹ̀ 2, ibi 16 ni a ó wé. Bí ibi kọ̀ọ̀kan bá gba yíyí 60, yíyí 960 ni ó wà lára ọ̀pá náà. Ẹni tí ó bá fi díẹ̀ kún líle òwú rẹ̀ kò fi díẹ̀ kún un mọ́. Ìgbà 60 ni ó fi kún un lójú kan. Nítorí náà ni àṣìṣe tí ìka kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ lára fi lè ba ọ̀pá olówó ńlá jẹ́.

BÍ Ó BÁ LE JÙ, BÍ Ó BÁ DẸ̀ JÙ

Bí òwú bá le jù, aburú mẹ́ta ni ó ń bí. Èkíní, orí ẹsẹ̀ òrùka yóò máa gún ara ọ̀pá. Kò ní í hàn sí ẹni tí ó ṣe é, kò sì ní í hàn sí ẹni tí ó rà á, títí di ọjọ́ tí kútà tàbí ẹja ńlá mìíràn bá fà á tí ọ̀pá sì tẹ̀ dé góńgó. Ojú ibẹ̀ gan-an ni yóò ti dá. Oníbàárà yóò wí pé ọ̀pá burúkú ni, kò ní í mọ̀ pé ọwọ́ awéwùú ni ó fà á. Èkejì, òrùka kò ní í ṣeé sún mọ́. Gbogbo òrùka gbọ́dọ̀ tò lórí ìlà kan láti ìdí dé orí. Bí ọ̀kan bá yà díẹ̀, ó yẹ kí a lè fi ìka tì í bọ̀ sípò. Bí òwú bá ti le jù, gígé ni a ó gé e tí a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta, àtè olómi kò ní í rí àyè wọ abẹ́ òwú. Afẹ́fẹ́ ni yóò wà níbẹ̀, omi odò yóò sì wọlé bá a nígbà tí ó bá yá, irin yóò sì dípẹtà.

Bí òwú bá dẹ̀ jù náà, kò sàn. Yíyí òwú yóò máa gun orí ara wọn, àlàfo yóò sì ṣí sílẹ̀. Òrùka yóò máa yà sí ọ̀tún àti sí òsì bí okùn bá ti fà á. Àtè tí a fi bò ó lè mú un dúró fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n àtè ti le, òrùka sì ń mì nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò ní í pẹ́ tí yóò fi sán lẹ́bàá ẹsẹ̀ òrùka.

Kí ni ìwọ̀n tí ó tọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdánwò méjì tí ẹnikẹ́ni lè ṣe láìní ẹ̀rọ kankan. Bí a bá ti wé òwú tán, kí a tó fi àtè kùn ún, kí a fi àtàǹpàkò ti òrùka sí ẹ̀gbẹ́. Ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kọ̀. Bí a bá fi agbára díẹ̀ kún un, ó yẹ kí ó gbà, kí ó sì dúró síbi tí a tì í sí. Bí ó bá lọ láìjanpata, ó dẹ̀. Bí ó bá kọ̀ títí àtàǹpàkò fi ń dun ni, ó le jù. Ìdánwò kejì ni kí a fi ẹ̀yìn èékánná ra ojú òwú. Àwọn yíyí tí ó fi àlàfo sílẹ̀ yẹ kí ó sún mọ́ ara wọn, kí ojú òwú sì jọ̀lọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ láti sún, ó le jù. Bí wọ́n bá ń sá kiri, ó dẹ̀.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀bi ni a lè dì ru òwú. Kí a tó wé ohunkóhun, kí a fi fáìlì ha orí ẹsẹ̀ òrùka títí yóò fi rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ṣóńṣó ewé, kí òwú lè rí ibi gùn láti ara ọ̀pá bọ́ sí orí irin. Kí a sì ha abẹ́ rẹ̀, kí irin mímú kan má ṣe kù níbẹ̀. Ẹni tí kò ha ẹsẹ̀ òrùka yóò rí i pé òwú ń bọ́ sẹ́yìn ní ojú ibẹ̀. Yóò wá máa de òwú lé e, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe fi àṣìṣe kejì bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀.

BÍ ỌWỌ́ TI Ń ṢE É

Ohun èlò ẹni tí ń fi ọwọ́ wé òwú kò pọ̀. Igi méjì ni, tí a gé ẹnu wọn ní ọ̀nà tí ọ̀pá lè gbé jókòó sínú wọn, tí ó sì lè máa yí. Kí a fi aṣọ rírọ̀ tẹ́ ibẹ̀ kí ara ọ̀pá má bàa bó. Kí a fi rílì òwú sínú ife kí ó má bàa yí lọ. Kí a wá fa òwú gba àárín ojú ewé ìwé ńlá kan kọjá, kí ó tó dé ara ọ̀pá. Ìwé náà ni ó ń mú òwú dúró. Bí a bá fẹ́ kí òwú le sí i, kí a gbé ìwé mìíràn lé e lórí. Bí a bá fẹ́ kí ó dẹ̀, kí a gbé e kúrò. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ní òkè òkun ni ó ti báyìí bẹ̀rẹ̀, ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù ńlá sì ni wọ́n ń lò.

Kí a fi orí òwú lélẹ̀ lára ọ̀pá, kí a wé yíyí 6 tàbí 7 bò ó, kí a sì gé ìyókù orí rẹ̀ kúrò. Kí a máa fi ọwọ́ méjèèjì yí ọ̀pá, kí òwú máa tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ títí yóò fi gun ẹsẹ̀ òrùka. Nígbà tí ó bá ku yíyí 7 tàbí 8 kí ó parí, kí a ṣẹ́ òwú mìíràn po ní ìlọ́po méjì, kí a fi í lélẹ̀ lára ọ̀pá, ojú ìṣẹ́po rẹ̀ sí apá ibi tí ìwé náà yóò parí sí, kí a sì máa wé lọ lórí rẹ̀. Bí a bá parí, kí a gé òwú tí a ń wé, kí a ki ẹnu rẹ̀ bọ ojú ìṣẹ́po yẹn, kí a sì fa òwú alápopọ̀ náà jáde láti ẹ̀yìn. Yóò fa ẹnu òwú wọ abẹ́ ìdè, kò sì ní í sí kókó kankan.

Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ìka ń gbọ́ òwú. Bí rílì bá lọ́ nínú ife, ìka mọ̀. Bí òwú bá dé orí irin, ìka mọ̀. Bí ó bá ń dẹ̀, ọwọ́ fúnra rẹ̀ a dúró kí orí tó rò ó. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni ohun tí ẹ̀rọ ń gbà lọ́wọ́ wa.

BÍ Ẹ̀RỌ TI Ń ṢE É

Ẹ̀rọ oníná náà kò ṣòro láti mọ̀. Ó ní ẹnu kan tí ó di ìdí ọ̀pá mú, ó sì ní àwọn igi tàbí kẹ̀kẹ́ kéékèèké tí ara ọ̀pá yòókù sinmi lé. Ẹ̀ńjìnnì iná kékeré kan ni ó ń yí i. Ẹsẹ̀ ni a fi ń tẹ ohun tí ń pàṣẹ fún un. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, yóò yí jẹ́jẹ́. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò sáré. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni rílì òwú wà lórí ohun tí ń rìn lọ tí ń rìn bọ̀ pẹ̀lú iṣẹ́, àwo irin méjì àti sípíríǹgì sì wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Kódà, ẹ̀ńjìnnì àti ìtẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ yìí fúnra wọn.

Èrè rẹ̀ hàn gbangba. Ọwọ́ méjèèjì ṣófo láti tọ́ òwú, iṣẹ́ sì yá. Ṣùgbọ́n ìka kò gbọ́ òwú bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀tì kan ni ó ń pinnu ìfà rẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni ìfà náà sì lè yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì.

Ìgbà kìíní ni ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lójijì, ọ̀pá yóò gbọ̀n yí, òwú yóò sì le kíákíá kí rílì tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí a fi ọwọ́ yí ọ̀pá fún àwọn yíyí àkọ́kọ́, kí a tó fi ẹsẹ̀ kan ẹ̀rọ, kí a sì máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí ń tẹ ẹyin.

Ìgbà kejì ni ìgbà tí òwú ń tán lára rílì. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí ó jẹ́ ìdí rílì ni a dì mú, kì í ṣe òwú fúnra rẹ̀. Nígbà tí rílì kún, òwú jìnnà sí àárín rẹ̀, ó sì rọrùn láti yí i, bí ìlẹ̀kùn ti rọrùn láti tì ní etí ju ẹ̀bá ìdè rẹ̀ lọ. Bí òwú bá ti ń tán, ó ń sún mọ́ àárín, agbára tí ó gbà láti yí rílì kan náà sì ń pọ̀ sí i. Bí òwú bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí àárín nígbà tí rílì kún, tí ó sì wà ní sẹ̀ǹtímítà 1 nígbà tí ó fẹ́ tán, ìfà òwú ti di ìlọ́po méjì, a kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Nítorí náà ni òrùka orí ọ̀pá fi lè le ju ti ìdí lọ, bẹ́ẹ̀ orí sì ni ọ̀pá ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ẹ̀rọ tí ó di òwú mú láàárín àwo méjì sàn ju èyí tí ó di rílì mú lọ. Ẹni tí tirẹ̀ bá sì di rílì mú, kí ó máa tú nọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀ bí òwú bá ti ń tán.

Ìgbà kẹta ni ìgbà tí òwú ń gun ẹsẹ̀ òrùka. Ara ọ̀pá rí róbótó, ṣùgbọ́n ọ̀pá àti ẹsẹ̀ irin lápapọ̀ kò rí róbótó mọ́. Nínú yíyí kọ̀ọ̀kan, òwú yóò gun òkè irin, yóò sì tún sọ̀kalẹ̀. Yóò le, yóò dẹ̀, yóò le, yóò dẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń sáré níbẹ̀, òwú yóò máa fò bọ́ sórí yíyí tí ó ti kọjá. Àtúnṣe rẹ̀ ni ìwà pẹ̀lẹ́: kí ẹ̀rọ máa yí jẹ́jẹ́ títí òwú yóò fi jókòó dáadáa lórí irin.

Ìgbà kẹrin ni ìdúró. Bí ọ̀pá bá dúró lójijì, rílì yóò ṣì máa yí díẹ̀, òwú yóò sì dẹ̀ láàárín wọn. Àwọn yíyí tí ó kẹ́yìn yóò tú láìhàn sójú. Kí a dín eré kù kí a tó dúró, kí a fi ìka kan tẹ yíyí ìkẹyìn mọ́ ọ̀pá, kí a má sì yọ ìka náà títí òwú yóò fi tún fà.

Kí n tó kúrò lórí ẹ̀rọ, ìkìlọ̀ kan kù. Ohun tí ń yí kò mọ ènìyàn. Ẹni tí ó wọ agbádá tàbí ẹ̀wù alápá gbọọrọ, kí ó bọ́ ọ. Ẹni tí irun rẹ̀ gùn, kí ó dì í, kí ó tó jókòó tì í.

ÌGÒ OMI GẸ́GẸ́ BÍ ÒṢÙWỌ̀N

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ìfà òwú òní bá ti àná mu, tàbí pé ti Àìná bá ti Òjó mu? Òṣùwọ̀n kan wà tí kò ná wa ní nǹkan. Lítà omi kan wọn kílógíráàmù kan, nítorí náà omi inú ìgò jẹ́ ìwọ̀n tí a lè fi kún tí a sì lè dín kù.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ kan tí ó yege nínú ìdánwò àtàǹpàkò àti ti èékánná. Kí ó má ṣe yí nọ́ọ̀tì padà. Kí ó fa òwú gba àárín àwo méjèèjì kọjá bí ti ìgbà iṣẹ́, kí ó jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ gba etí tábìlì sọ̀kalẹ̀, kí ó sì so ìgò oníke kékeré mọ́ ọn. Kí ó máa da omi sínú ìgò náà díẹ̀díẹ̀ títí òwú yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ jáde láàárín àwo. Kí ó dúró níbẹ̀, kí ó sì fa ìlà sí ara ìgò ní ojú omi. Ìlà yẹn ni òṣùwọ̀n rẹ̀ fún irú òwú bẹ́ẹ̀ àti irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó tó fọwọ́ kan ọ̀pá ẹnikẹ́ni, kí ó bu omi dé ojú ìlà, kí ó so ó, kí ó sì de nọ́ọ̀tì tàbí kí ó tú u títí òwú yóò fi ṣe bí ti àná. Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń pè ní A àti èyí tí ó nípọn tí a ń pè ní D kò lè lo ìlà kan náà. Kí olúkúlùkù ní ìlà tirẹ̀.

ÀTÈ TÍ Ó PARÍ IṢẸ́

Kí a má ṣe rẹ́ ẹ̀rọ jẹ, iṣẹ́ kan wà tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ju ọwọ́ lọ. Àtè epoxy tí a fi ń bo òwú jẹ́ omi méjì tí a ń pò pọ̀ ní ìwọ̀n tí ẹni tí ó ṣe é bá kọ sára ìgò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ń pò ní ọgbọọgba. Jẹ́jẹ́ ni a ń pò ó kí ó má bàa hó. Bí a bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún tán, kò gbọdọ̀ dúró lójú kan, nítorí yóò ṣàn wá sísàlẹ̀, yóò sì kó jọ bí omijé. Ọ̀pá gbọ́dọ̀ máa yí jẹ́jẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí àtè yóò fi le. Kò sí ọwọ́ ọmọ ènìyàn tí ó lè ṣe èyí láìsinmi. Ẹ̀ńjìnnì kékeré tí kò yára ni a nílò, kì í sì í jẹ iná púpọ̀.

OHUN TÍ MO BẸ ẸGBẸ́ LÁTI ṢE

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n padà sórí àbá àwọn ọ̀dọ́. Èmi kò ní kí ẹgbẹ́ má ra ẹ̀rọ. Ohun tí mo ń wí ni pé kí a má ṣe fi ẹ̀rọ ṣe ìbẹ̀rẹ̀.

Kí a kọ́kọ́ ní kí àwọn káfíńtà wa gé igi ẹlẹ́nu fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, kí a wá ìwé ńlá àtijọ́ àti ife, kí wọn sì bẹ̀rẹ̀ lórí ọparun. Ẹni tí ó bá lè wé òrùka 8 sára ọparun, tí gbogbo wọn tò lórí ìlà kan, tí wọ́n sì yege nínú ìdánwò méjèèjì, òun ni kí ó bọ́ sórí ọ̀pá gidi. Lẹ́yìn èyí ni kí a ra ẹ̀rọ kan, kí a sì fi sí ọwọ́ àwọn tí ọwọ́ wọn ti mọ òwú. Kí aránṣọ kan láàárín àwọn ìyá wa sì wà lára àwọn tí yóò máa kọ́ wọn, nítorí pé ó ti mọ nọ́ọ̀tì àti sípíríǹgì yẹn ṣáájú gbogbo wa.

Kí a sì rántí ọ̀pọ̀ ọdún tí iná mọ̀nàmọ́ná fi dákẹ́ ní apá gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí a sì rí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ó di ìjókòó adìyẹ. Iṣẹ́ tí ọwọ́ mọ̀ kì í dákẹ́ pẹ̀lú iná. Bí a bá fẹ́ ra ẹ̀rọ, kí a ra èyí tí ó lè fi bátìrì ṣiṣẹ́.

Ní ti ọjà, òtítọ́ ni kí a bá ara wa sọ. Àwọn apẹja ilé wa kò ní í ra ọ̀pá yìí púpọ̀, nítorí àwọ̀n ni iṣẹ́ wọn. Àwọn tí ń fi ìwọ̀ pẹja ní Èkó àti ní àwọn ìlú etí òkun mìíràn ni oníbàárà wa, àtúnṣe ni yóò sì kọ́kọ́ mú wọn wá: òrùka tí ó bọ́, òwú tí ó tú, orí ọ̀pá tí ó dá. Ẹni tí ó bá tún ọ̀pá kan ṣe fún ènìyàn tí kò sì tún bàjẹ́ mọ́, ni ẹni náà yóò gbé ọ̀pá tuntun fún.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní òkè òkun, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí yín. Ẹ máa ń béèrè ohun tí ẹ lè fi ránṣẹ́ sílé. Nínú àpótí tí ẹ ó gbé bọ̀ lọ́dún tí ń bọ̀, ẹ fi rílì òwú náílọ́ọ̀nù díẹ̀ sí i, A àti D. Bí ẹ bá sì rí ọ̀pá tí ó ti dá tí ẹni tí ó ni í fẹ́ sọ nù, ẹ bá wa gbà á. Ọ̀pá tí ó ti dá ni olùkọ́ tí ó dára jù, nítorí pé a lè la òwú rẹ̀ kí a wo abẹ́ rẹ̀. Bí ojú ibi tí ó ti dá bá wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ òrùka, kí a wò ó bóyá irin ti gún ibẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí ojú ọgbẹ́ irú rẹ̀ kò ní í gbàgbé láéláé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo mọ̀ pé ẹ ń kánjú, mi ò sì bá yín wí, nítorí ebi kì í fún ni ní sùúrù. Ṣùgbọ́n oṣù díẹ̀ tí ẹ ó lò nídìí igi ẹlẹ́nu àti ìwé ńlá kì í ṣe àkókò tí ó sọnù. Òun ni yóò mú kí ẹni tí kò mọ Iyansan rí gba ọ̀pá lọ́wọ́ yín, kí ó ju ú sómi, kí ẹja ńlá sì fà á títí yóò fi tẹ̀ bí òṣùmàrè, kí ó má sì dá. Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ni yóò gbé orúkọ ìlú wa dé ibi tí ẹsẹ̀ wa kò tíì dé.